Ọbẹ̀ Lílọ́ Wọ́ọ́rọ́ Inú Àpótí Oòrùn

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọn ò sì parọ́, nítorí àgbà tí kò lè pa àṣírí mọ́, ọmọdé ló ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ohun tó wà níkùn àgbà bá jẹ́ ohun tó lè pa ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Ṣé ká dákẹ́ náà ni? Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí àgbà wa di àgbà ìkà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ìkòkò ọbẹ̀ kan ni, àti ti ẹnu kan tí a pa dé.

Ọjọ́rú ni, nínú oṣù Keje, ní àdúgbò kan lẹ́yìn ilé ìjọba ní Ìbà. Òjò ti rọ̀ títí di ìdájí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá kún àdúgbò náà ń fo ẹrẹ̀ kiri, bàtà wọn ń bẹ lọ́wọ́. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń pariwo lójú títì pé, "Òkókó, Òkókó! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o, mi ò níjà í jà láàárọ̀!" Iná mànàmáná ti lọ láti ọjọ́ Àìkú, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dé. Ọjọ́ bí ọjọ́ ni. Kò sí ohun tó fi hàn pé aburú ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Àwẹ̀ró, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Muheez, ti kírun àárọ̀ tán. Opó ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ogún ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ sójà ní ilé ìwé kan nínú bárékè Ọ̀jọ́, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ adìyẹ tó sè lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun jáde, ó ṣí i, ó wò ó, ó tún dé e.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ kò ní fíríìjì, tàbí tí ẹ ní in tí iná kì í sí, ẹ mọ ohun tó kàn. Ọbẹ̀ àná, a ní láti gbé e kaná láàárọ̀, ká tún gbé e kaná lálẹ́, kó hó dáadáa, kó má baà kan. Ohun tí ìyá Àwẹ̀ró kọ́ ọ nìyẹn, òun náà sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Àwẹ̀ró kò fọwọ́ kan àdògán. Ó gbé ìkòkò náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí àpótí ńlá kan tí a fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ sínú rẹ̀, ó pa á dé.

Ó gbójú sókè. Kùrukùru ló bo gbogbo ojú ọ̀run.

"Oòrùn á yọ," ó wí fún ara rẹ̀. "Kò ní í máa yọ fún àwọn kan kó má yọ fún wa."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àpótí náà ṣe dé ilé wọn.

Muheez, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà ni ní Òkókómáíkò. Nàfísàt ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ. Oyún ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí Nàfísàt gbé korobá omi, kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò fi oríkì rẹ̀ jí i: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ a-bẹ̀-kó-tó-kẹ́, dìde. Ìwọ pẹ̀lú àlejò mi, ẹ jí ire bí?"

Ṣùgbọ́n èéfín èédú ń yọ Nàfísàt lẹ́nu. Yóò máa wúkọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń gba ìtọ́jú sọ fún un pé èéfín kò dára fún aboyún, pé kò dára fún ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló dé etí Mùjídàt, àbúrò Muheez, tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ físíìsì. Ó ní òun yóò ṣe ààrò tí kò ní lo èédú, tí kò ní lo gáàsì. Oòrùn nìkan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan àpótí pákó ńlá kan, ó kan kékeré sínú rẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Wọ́n fi gíláàsì ìpele méjì bò ó lójú. Wọ́n lẹ bébà fàdákà mọ́ inú ìdérí kó lè máa tan oòrùn sínú, wọ́n sì tẹ́ páànù tí a kùn ní dúdú sísàlẹ̀. Àlàfo àárín yẹn ló kù, ibẹ̀ ló sì gbàrònú, torí ohun tí a bá dì síbẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ooru sá lọ. Muheez kọ́kọ́ di lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń jáde lábẹ́ ayùn sínú rẹ̀. Ọ̀rinrin wà lára rẹ̀, ó bu, àpótí náà sì ń rùn bí aṣọ tútù.

"Ká kúkú lọ ṣa fóòmù ara fíríìjì àlòkù ní ọjà Alábá," Muheez wí. "Ohun tó ń pa òtútù mọ́ á pa ooru mọ́."

"Rárá o, Bọ̀dá mi," Mùjídàt dáhùn. "Bí ooru bá mú fóòmù yẹn, afẹ́fẹ́ olóró ló máa ń tú jáde. Aboyún la fẹ́ gbà lọ́wọ́ èéfín, ẹ tún fẹ́ gbé òmíràn wá."

Wọ́n wá lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbọn tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, wọ́n kó èèpo àgbọn tí wọ́n ń dà nù. Wọ́n sá a fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n tú u bí irun, wọ́n dì í sínú àlàfo náà pinpin. Èèpo àgbọn kò lóró, kò náni ní nǹkan kan, kò sì ba ilẹ̀ jẹ́.

Mùjídàt yá tẹmọ́mítà, ohun tí a fi ń wọn ooru, ní yàrá ìwádìí ilé ìwé. Inú oṣù Kejì ni, oòrùn ń ta bí ẹni ń bínú. Ó gbé ìkòkò dúdú kan tó pọnmi sí sínú àpótí láago mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá kọjá, omi ti ń yọ ìhó, tẹmọ́mítà sì wà ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n se ẹyin, ó jinná. Wọ́n se ìrẹsì, ó jinná. Nàfísàt jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọ̀mọ̀wé," ó wí fún Mùjídàt, torí pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, "ẹ ti gbà mí."

Ṣùgbọ́n Mùjídàt kò dúró níbẹ̀. Ó dúró de ọjọ́ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ó tún wọn ooru rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Márùndínláàádọ́ta ni. Kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ìkòkò náà. "Ó ṣáà gbóná."

"Kò gbóná, Màmá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí ló sì burú jù. Ooru gidi ń pa kòkòrò àìfojúrí. Òtútù gidi ń mú kí wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n àárín méjèèjì, bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan á di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, méjì á di mẹ́rin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù."

"Èèpo àgbọn tí ẹ dì síbẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo ní ó ń pa ooru mọ́?"

"Ó ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ohun rere ló ń pa mọ́ tàbí ohun búburú. Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un, á bá yín tọ́jú lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn di alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí òjìji yín kò bá hàn kedere nílẹ̀, ẹ má se nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí òjìji yín bá sì gùn jù yín lọ, ẹ mọ̀ pé oòrùn kò tíì lágbára tó."

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́ ló ń kọ́ mi lọ́bẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi dáná fún ọmọ sójà. Lọ béèrè ní bárékè bóyá inú run ẹnì kan rí."

"Iná èédú lẹ fi ń dá a nígbà yẹn, Màmá. Ìyẹn kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ó dáa, ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́."

Ó ti gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà.

Mùjídàt fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára àpótí: BÍ ÒJÌJI RẸ KÒ BÁ HÀN, MÁ SE É. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún, wàhálà kankan kò sí, torí oòrùn kò fi wọ́n sílẹ̀. Àwẹ̀ró sọ àpótí náà di ọ̀rẹ́. Kódà ó ń kì í. Bó bá ti ń ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojúlé kejì:

"Àpótí oòrùn, a-dáná-má-fọnná,
Ó jẹ oòrùn yó, kò su eérú,
Ó sebẹ̀ kalẹ̀, kò ta èéfín sójú ìyàwó,
Ọ̀tá eléèédú, ọ̀rẹ́ aboyún!"

Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni Joy, ìyàwó sójà kan, ọmọ ìlú etí odò kan tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bárékè Ọ̀jọ́, tí wọ́n sì háyà yàrá ní ojúlé kẹta. Ó ní ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju oṣù méje lọ. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Ìyá Muheez, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ ṣe tèmi náà. Owó gáàsì ti fẹ́ pa mí."

Muheez kan tirẹ̀ fún un nínú oṣù Kẹfà. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló lọ kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ òjìji. Ohun tó kọ́ ọ ni pé, "Ẹ̀kọ tí o ń fún ọmọ rẹ, pò ó láàárọ̀ kí o gbé e síbẹ̀. Á máa gbóná fún ọ títí di ọ̀sán. O ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dáná nígbà tọ́mọ bá ń ké."

"Ha! Màmá, ẹ ṣé o. God go bless una."

Ìgbà yẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́rú wa. Mùjídàt kò sí nílé. Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ọgbà ilé ìwé láti ọjọ́ Àìkú. Ó ti dá tẹmọ́mítà padà fún àwọn tó yá a. Oòrùn kò yọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa.

"Alihamudulilai. Ó ti gbóná."

Nàfísàt ti jẹ iṣu àti ẹyin lọ́jọ́ náà, Muheez ti jẹun níta. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọbẹ̀. Àwẹ̀ró fi ìkòkò náà sílẹ̀ nínú àpótí títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́kàn tirẹ̀, èèpo àgbọn ń bá a ṣọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwẹ̀ró máa ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí oyún yìí ti dúró ló ti ń gbà á, kí Ọlọ́run lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Ahọ́n tó ti ń mọ ọbẹ̀ tó kan láti bí ogójì ọdún, ààwẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di bí aago méjì ọ̀sán, ebi pa Nàfísàt. Àwẹ̀ró lọ gbé ìkòkò wá, ó ṣí i.

Àwọn ìfófòó kéékèèké wà lójú ọbẹ̀. Òórùn kan gba imú rẹ̀ kọjá, òórùn tí kò tó nǹkan, bí ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó tún fà sẹ́yìn.

"Màmá, kí ló ń hó lójú rẹ̀ yẹn?" Nàfísàt béèrè.

"Ata ni."

"Ata tí kò sí lórí iná náà ló ń hó báyìí?"

"Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ kọ́ mi lọ́bẹ̀ ni? Jókòó, jẹ́ kí n gbé e kaná fún ọ. Kò sí ohun tí iná kì í pa."

Òtítọ́ ni mo ń sọ fún yín. Àwẹ̀ró dúró ti ìkòkò yẹn, nǹkan kan nínú rẹ̀ sì wí pé, dà á nù. Ṣùgbọ́n odindi adìyẹ ni. Adìyẹ tó rà nítorí aboyún. Ó fi èédú sí àdògán, ó fẹ́ ẹ, ọbẹ̀ hó kutukutu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òórùn náà lọ. Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó fi itan àti àyà adìyẹ sí i. Nàfísàt jẹ ẹ́ tán, ó sì dúpẹ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, Nàfísàt ti ń bì.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí wọn ò fi kà á mọ́. Muheez dé láti ibi iṣẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó fara ti ògiri.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ọsibítù kẹ̀? Ọmọ ló ń yí padà nínú rẹ̀. Bó ṣe rí nígbà tí mo lóyún rẹ nìyẹn." Àwẹ̀ró ti po omi àdúà, ó ti fún un ní àgbo. "Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ á ti yá."

Ṣé ẹ rí i, bó bá sọ pé ká lọ sí ọsibítù, wọ́n á béèrè ohun tó jẹ. Èyí ni Àwẹ̀ró ò fẹ́.

Mùjídàt dé lọ́jọ́ Jímọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́yìn tó ti parí ìdánwò. Ó rí i pé ojú Nàfísàt ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, bó bá sì fa awọ ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà kì í tètè padà.

"Àǹtí Nàfí! Ìgbà wo lẹ ti tọ̀ gbẹ̀yìn?"

Nàfísàt mi orí. Kò rántí.

"Bọ̀dá, ẹ lọ pe kẹ̀kẹ́! Omi ti tán lára rẹ̀. Ta ló ní kí ẹ fi í sílé láti àná?"

Muheez sáré jáde lọ pe kẹ̀kẹ́.

Ní ọsibítù ìjọba, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Olúṣọlá ló gbà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń fi omi sí i lára láti apá, bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló jẹ gbẹ̀yìn?"

"Ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ," Muheez dáhùn.

"Ọbẹ̀ ìgbà wo?"

Muheez wojú ìyá rẹ̀. Mùjídàt náà wò ó.

"Ọbẹ̀ tuntun ni," Àwẹ̀ró wí. "Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo sè é."

"Màmá, ẹ rántí dáadáa. Kì í ṣe ẹjọ́ la fẹ́ bá yín rò. Ohun tí ẹ bá sọ ni dókítà máa fi mọ ibi tó máa gbà."

"Mo ní tuntun ni."

Ìrora ọmọ mú Nàfísàt lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oṣù méje péré ni oyún náà. Ọmọkùnrin ni ó bí. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe tó kéré bíi ti ọmọ ológbò, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Sátidé wà láàárín orí, oòrùn gidi, èyí tí wọ́n ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Innaa lillahi wa innaa ilaihi rojiun.

Nọ́ọ̀sì Olúṣọlá mú Mùjídàt lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìwọ lo kàwé níbẹ̀, gbọ́ mi. Oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ló ṣe é. Ara rẹ̀ pàdánù omi púpọ̀, ara tó bá sì gbẹ báyẹn lè mú kí aboyún rọbí láìtó àsìkò. Ká ní ẹ gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ká ní ẹ tiẹ̀ ń fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú ọ̀nà, bóyá à bá ti gba ọmọ yẹn là."

"Ṣùgbọ́n Àǹtí Nàfí ní wọ́n gbé ọbẹ̀ náà kaná lójú òun kí òun tó jẹ ẹ́, ó sì hó."

"Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ nìyẹn. Iná lè pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn ti su oró sínú oúnjẹ kí iná tó dé, oró yẹn kì í sì í kú bó ti wù kó hó tó. Ọbẹ̀ tó bá ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Ẹ má gbìyànjú láti jí i dìde."

Mùjídàt ti mọ̀ pé ọbẹ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sọ pé ìyá òun purọ́, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta ikú ọmọ náà, Nàfísàt ti padà sílé, àwọn alábàánikẹ́dùn sì kún ilé. Ìyá Lùkúmọ̀n, tó ń gbé ní ojúlé tó dojú kọ tiwọn, tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé! Ẹ má sọ fún mi pé ojú lásán ni. Ayé ni. Obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ibí yẹn, Joy, ṣé ẹ rí bó ṣe máa ń wo ikùn ìyàwó yìí? Bó bá kọjá báyìí, á wò ó. Bó bá ń padà bọ̀, á tún wò ó."

"Àbí kẹ̀!" ẹnì kan gbè é. "Lójoojúmọ́ ló sì ń wá sílé yìí."

Gbogbo wọn yíjú sí Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ tán. Àwẹ̀ró fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n gbà pé ìdáhùn ni. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń dá Joy lóhùn bó bá kí wọn. Wọ́n da omi ìfọṣọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé abọ́ oúnjẹ wá kí Nàfísàt, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Àwẹ̀ró ti pàdé rẹ̀.

"Ìyá Muheez, kí ni mo ṣe? Gbogbo èèyàn ń sá fún mi. Èmi àti Nàfísàt, ọ̀rẹ́ ni wá."

Àwẹ̀ró kò gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ nà. Ara mi ò balẹ̀. Ọmọ yìí náà ń yàgbẹ́ láti àná. Ẹ̀kọ nìkan ló ń jẹ, mò ń gbé e sínú àpótí bí ẹ ṣe kọ́ mi, ó ń gbóná dáadáa. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Àwẹ̀ró gbójú wo ọmọ náà. Orí ọmọ náà ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan.

"Máa... máa lọ sílé ná," Àwẹ̀ró wí. "Mò ń bọ̀."

Joy gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìloro, ó yí padà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwẹ̀ró wọlé lọ bá Nàfísàt nínú yàrá. Mùjídàt wà níbẹ̀, ó ń kó aṣọ. Ìyá tó ju ọgọ́ta ọdún lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mùjídàt pariwo, "Màmá! Kí lẹ ń ṣe?" Ṣùgbọ́n kò dìde.

"Èmi ni," ó wí. "Kì í ṣe Joy, kì í ṣe ayé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo se ọbẹ̀ yẹn. Mo gbé e sínú àpótí nígbà tí oòrùn kò sí. Ó sùn síbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ta sí mi, mo sì bù ú fún ọ. Ní ọsibítù, mo purọ́. Ìtìjú ló dì mí lẹ́nu. Mo ní bí wọ́n bá mọ̀, kí ni wọ́n á máa pe ìyá tó dáná fún ọmọ sójà fún ogún ọdún? Àbẹ̀kẹ́ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi..."

Mùjídàt fọwọ́ bo ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tiyín ná. Àpótí oòrùn kì í ṣe ọ̀tá. Ohun rere ni, mo sì rọ ẹni tó bá lágbára kó ṣe é, kó fi èèpo àgbọn tàbí ohun mìíràn tí kò lóró dì í, kó gba ojú àti àyà àwọn obìnrin lọ́wọ́ èéfín. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fọwọ́ ara wa ṣe, ká dán an wò ní ọjọ́ dídára àti ní ọjọ́ búburú, ká sì gba ohun tó bá sọ fún wa gbọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ wa kékeré ló kà á. Tẹmọ́mítà kò wọ́n ju ènìyàn lọ. Oúnjẹ tí kò bá hó, tí kò sì tutù, bó bá ti lé ní wákàtí méjì, ẹ má fi fún ọmọ, ẹ má fi fún aboyún. Ẹni tó bá ń bì tó sì ń yàgbẹ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Níwájú dókítà, ẹ sọ òtítọ́, nítorí irọ́ tí a pa níbẹ̀, ara aláìsàn ló máa ń san gbèsè rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí a máa pe àìmọ̀kan wa ní ayé, ká wá máa fi orúkọ aládùúgbò wa dí i.

Ọmú Nàfísàt ti kún, wàrà sì ti rin iwájú aṣọ rẹ̀, wàrà tí kò ní ẹni tí yóò mu ún. Ó wo ìyá tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Màmá," ó wí, "ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ má tíì bẹ̀ mí, mi ò tíì ní èsì tí mo máa fún yín. Mo gbọ́ ohun tí Joy sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sílé rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ ní kó da ẹ̀kọ yẹn nù, kó sáré gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ ìdí rẹ̀ fún un."